Àga Símẹ́ńtì Iwájú Ilé Wa

Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun a máa fi fọ́tò Kútọnu ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mò ń gbé inú ìlú náà. "Màámi, ẹ wo bí ìlú yín ṣe dára!" Wọ́n á fi títì tí wọ́n fi bíríkì pelebe tẹ́ hàn mí, wọ́n á fi ọgbà ìgbafẹ́ hàn mí, níbi tí koríko ti tẹ́ rẹrẹ bí ẹní tuntun, àti àwọn àga onírin tí wọ́n tò sábẹ́ igi, tí wọ́n fi irin pín inú wọn kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi nà gbalaja sí. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó dára. Ó kúkú dára. Mi ò ní torí pé nǹkan ń dùn mí kí n wá máa purọ́ mọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń ṣe àga ìgboro ni wọ́n ti tọ́ mi, mo sì ti rí ohun tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ èèyàn nígbà tó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ lóge. Bí mo bá rí àga lẹ́bàá títì, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo ń wò.

Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ọmọ Ṣakété ni, símẹ́ńtì sì niṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ilé ló ń kọ́. Àga gbọọrọ ló ń ṣe, irú èyí tí ìlú ń tò sínú ọgbà àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà, pẹ̀lú àwọn ìkòkò òdòdó ńláńlá tí wọ́n ń gbé sí oríta. Tọ́ńtọ́ Lásísì, àbúrò ìyá mi, ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ilé wa kò jìnnà sí ọ̀sà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti apá Dantokpa fẹ́ wá, òórùn ẹja gbígbẹ àti ti ẹrẹ̀ á kún inú yàrá. Ohùn asẹ́ ló ń jí wa. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, a ó máa gbọ́ ṣìì-ṣìì, ṣìì-ṣìì, iyanrìn ń já bọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn òkúta tí wọ́n fi ń ha ojú àga pẹ̀lú omi títí á fi dán, ohùn kan tó máa ń wọni léyín. Bàbá Àgbà ti kan pákó ní ìrísí àga, ó ń fi epo pa inú rẹ̀ kó tó da símẹ́ńtì sí i. Bó bá yọ pákó kúrò, iṣẹ́ àwa ọmọdé ni ká fi àpò bo àga náà, ká sì máa bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. "Ọmọ tuntun ni símẹ́ńtì," ni Bàbá Àgbà máa ń wí. "Ẹ fi òùngbẹ pa á, ẹ ó rí i bó ṣe máa lanu." Lọ́sàn-án, Ìyá Àgbà á gbé ẹ̀kọ inú ewé fún wa pẹ̀lú ata àti ẹja díndín, símẹ́ńtì á ṣì wà ní èékánná wa. Ìyá Àgbà kò tajà. Ní àdúgbò tí gbogbo obìnrin ti ń jí lọ sí Dantokpa, òun nìkan ló jókòó sílé. Ó ní òun kò ní ẹnu tí òun ó máa fi bá aláìníláárí nájà. Bàbá Àgbà á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá gbé igbá lọ sọ́jà, ìjà ló máa rù bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí títì bá dákẹ́, Bàbá Àgbà á kó wa lọ wo àwọn àga rẹ̀. Ó mọ gbogbo wọn. Á na ọwọ́ sí etí wọn, á fi àtàńpàkò wá ibi tó bá ti fẹ́ lanu. A máa ń bá ọkọ àti ìyàwó tuntun níbẹ̀ tí wọ́n wá ya fọ́tò, a máa ń bá arúgbó tó ń sùn pẹ̀lú bàtà lábẹ́ orí, àti ìyá ọlọ́mọ tó ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ẹ́ ṣú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dé pẹ̀lú ìwé wọn, nítorí kò sí iná nílé wọn, wọ́n á máa ka ìwé sókè lábẹ́ òpó iná, ohùn wọn á dà pọ̀ mọ́ ti kòkòrò. Ọgbà yẹn dùn wò ju ti ìsinsìnyí lọ, mo lè búra. Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ kò jókòó rí. Mo bi í ní ìdí. "Èmi ni mo ṣe é," ó ní, "ẹni tí kò ṣe é ni kó jókòó." Ó tún sọ pé àga ìgboro ni àga kan ṣoṣo láyé tí ọba kò lè ní kí tálákà dìde lórí rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Inú mi dùn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé, àti pé ilé wa ló ti ń jáde.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìyá mi kú. Sìkírátù ni orúkọ rẹ̀. Aṣọ ló ń rán níwájú ilé wa, lábẹ́ igi fúrúùtù. Bàbá mi ti lọ wáṣẹ́ sí Gàbọ́ń kí n tó mọ ojú rẹ̀, nítorí náà ìyá mi nìkan ni mo ní, èmi nìkan ló sì bí. Àìsàn náà kò pẹ́. Ibà mú un nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Mi ò tíì mọ ohun tí ikú jẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ṣọ́bìrì, nítorí òun ni mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ ayé mi. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ti èmi àti àwọn ọmọ Tọ́ńtọ́ Lásísì mọ́ yàrá. Mò ń gbọ́ ṣọ́bìrì níwájú ilé, mo rò pé Bàbá Àgbà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú bí mi débi pé mo gbá ìlẹ̀kùn lẹ́sẹ̀. Mo ní ìyá mi kú tán, ó tún wá lọ ń po símẹ́ńtì.

Kí ló dé tí wọn kò gbé e lọ sí ibojì ìlú? Nítorí omi. Orí omi ni Kútọnu jókòó sí. Lásìkò òjò, ẹ ò ní tíì gbẹ́lẹ̀ jìnnà ní ibojì kí omi tó máa sun wá pàdé yín. Bàbá Àgbà ní òun kò ní sin ọmọ òun bí ẹni ń rẹ gàrí. Iwájú ilé wa ga díẹ̀, ibẹ̀ gbẹ. Àti pé nílùú tiwa, ilé ni wọ́n ń sin ará ilé sí, kí òkú má baà dá nìkan wà. Àfáà àdúgbò wa gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má kọ́ nǹkan lé e, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó lé e. Wọ́n tẹ́ ẹ ní ìhà ọ̀tún, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Orí rẹ̀ wà lápá òkun, níbi tí títì wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lápá ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n to bíríkì yí i ká. Ìyá Àgbà a máa gbá ibẹ̀ láràárọ̀ kó tó gbá inú ilé, bó bá sì dé ibi tí orí wà, á gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ ṣa ewé ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀," ló máa ń wí fún wa bí eré bá gbé wa débẹ̀.

Òjò kò tíì dá tán tí wọ́n fi wá kun ilé. Àwọn àlejò ńlá kan ń bọ̀ wá sí ìlú, ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn máa gbà sì kọjá níwájú wa. Àwọn géńdé kan gbé ọ̀dà pupa dé, wọ́n ń fa ìlà méjì kọjá lórí ara wọn sára gbogbo ohun tó bá yọ sí títì: ilé ìdáná ẹni yìí, ìsọ̀ ẹni yẹn, ògiri ilé ìwẹ̀. Àwa ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wọn bí ẹni tẹ̀lé ọlọ́jà aládùn. Ọ̀gá wọn dé akoto funfun. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó gbọ́ èdè wa dáadáa, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá Àgbà kó tó nàka sí àwọn bíríkì náà.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ọmọ mi ni."

Ọ̀gá Alákoto ṣí akoto lórí. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ ilẹ̀ títì rèé, Bàbá. Àga àti òdòdó ni wọ́n fẹ́ tò síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ hú u, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ibojì ìlú. Bí ẹ ò bá hú u, katakata tó ń bọ̀ wá wólé á hú u, mi ò sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún yín."

Ìyá Àgbà ti gbọ́, ó sì ti jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. "Hú ta ni? Ìwọ ọmọ yìí, ta ni wọ́n ń hú nílé bàbá tìẹ? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé iṣu la rì síbẹ̀ ni?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, ṣé o ò lè fi jẹ́ tọmọ?"

"Tọmọ náà ni mo fi jẹ́ tí mo wá ṣàlàyé fún yín."

Bí ọkùnrin náà ṣe ń lọ, aládùúgbò wa kan bi í bóyá wọ́n máa wó òpó iná àti àwọn àga tó wà nísàlẹ̀ òpópónà pẹ̀lú. Ó ní rárá, ohun tó bá jẹ́ ti ìgboro, àwọn kò ní fọwọ́ kàn án. Ohun aládàáni ló ń kúrò. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àgbà nígbà náà, mo rí i tó gbé orí sókè.

Ìdí oúnjẹ ni Bàbá Àgbà ti la èrò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwa ọmọdé sì jókòó sí ibi tí a máa ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò rántí lé wa. Ó ní òun máa ṣe àga ìgboro sórí ibẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Símẹ́ńtì lórí ọmọ mi?" Ó ní kò ní kàn án, ẹsẹ̀ àga kan á wà lókè orí, èkejì á wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, òfìfo ni á wà láàrin. "Àwọn èèyàn á wá máa jókòó lé e." Ó ní àga ni wọ́n máa jókòó lé. "Sìkírátù ni yóò wà lábẹ́ ìdí wọn," ni Ìyá Àgbà wí. Bàbá Àgbà ti ẹ̀kọ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ṣé kí n hú u ni? Bí ẹnì kan bá lè hú u nínú ilé yìí, kó dìde, màá gbé ṣọ́bìrì fún un." Tọ́ńtọ́ Lásísì tẹ orí ba. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀sán yẹn, ó máa ń dùn mí, nítorí gbogbo wọn ló tọ̀nà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè ran èkejì lọ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló mú, wákàtí ìrun ọ̀sán, torí ìgbà yẹn nìkan ni àdúgbò máa ń ṣófo. Mi ò rí i kí Bàbá Àgbà pa Jímọ̀ jẹ rí, àfi lọ́jọ́ yẹn. Ó ti po símẹ́ńtì sílẹ̀ nínú ọgbà ilé wa. Òun àti Tọ́ńtọ́ Lásísì gbé pákó jáde, wọ́n kó àwọn bíríkì kúrò, wọ́n to pákó náà, wọ́n ń da símẹ́ńtì sí i. Ohùn Àfáà ń ti orí ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí wá bá wa, ó ń ka wáàsí. Èmi ni mo ń gbé omi. Bàbá Àgbà da òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú sójú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe fún ti ìlú, ó ń tẹ̀ wọ́n wọlé pẹ̀lú pátákó, omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, àpò ti bò ó. Àfáà dúró. Ó wo àpò náà, ó wo Bàbá Àgbà. "Bàbá Lásísì, ẹ mọ ohun tí mo sọ." "Mo mọ̀ ọ́n, Àfáà." Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi ni wọ́n ní kí n máa bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó ní láti rán mi létí. Mo rò pé ìyá mi ni mò ń fún lómi, inú mi sì ń dùn, ìgbà kan ṣoṣo tí inú mi dùn lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nígbà tí katakata dé, ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dé. A ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òpópónà bó ṣe ń bọ̀, òrùlé páànù ń han, obìnrin ń ké. Ilé ìdáná aládùúgbò wa wó pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Mo rí i tó ń fa odó rẹ̀ láti abẹ́ bíríkì, tó ń fà á bí ẹni fa ẹran tó kọ̀ tí kò lọ. Wọ́n gé igi fúrúùtù wa. Lẹ́yìn náà ni katakata kọjú sí àga. Ọ̀gá Alákoto na ọwọ́ sókè, ó dá a dúró, ó wá bá Bàbá Àgbà.

"Ọmọ yín ńkọ́, Bàbá?"

"A ti ṣe ohun tó yẹ."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe àga síbí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní àga lẹ fẹ́ tò. Mo ti bá yín bẹ̀rẹ̀."

Ó wo àga náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ju ọwọ́ sí awakọ̀ pé kó yà, katakata sì yà. Ìyá Àgbà wà ní yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Nígbà tí mo sáré lọ sọ fún un pé kò kàn án, ó gbá mi mọ́ra títí mi ò fi lè mí dáadáa. Ọjọ́ yẹn nìkan la rò pé a ti borí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Títì ti gbòòrò, gbogbo èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ a sì máa dun èèyàn. Ọlọ́jà tó ń ti Dantokpa bọ̀ á gbé ẹrù kalẹ̀, á ní "Ṣé àlàáfíà ni, ará ilé?", á jókòó. Ọlọ́kadà á nà sórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn ọ̀mùtí jókòó, wọ́n ń ju ìdí sìgá sí abẹ́ rẹ̀. Bàbá Àgbà á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á tún padà wọlé. Kí ló máa sọ? Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ní ti gbogbo ayé. Bó bá ní kí ẹnì kan dìde, wọ́n á béèrè ìdí, bó bá sì sọ ìdí náà, katakata á padà dé. Ìyá Àgbà kò bá a jà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń kí àwọn tó jókòó, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, wọ́n sì rò pé orí rẹ̀ ti ń yí láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú.

Nígbà tí àwọn àlejò kù díẹ̀ kí wọ́n dé, Ọ̀gá Alákoto padà wá, tòun ti ọ̀gá rẹ̀ kan tó wọ kóòtù, tí kò gbọ́ èdè wa. Wọ́n ń wo àwọn òdòdó àti àwọn àga tuntun tí wọ́n ti tò. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, oníkóòtù dúró, ó nàka, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Alákoto yíjú sí Bàbá Àgbà. "Ó ní gbogbo àga ló ń bá títì lọ. Ó ní kí ló dé tí ti ibí yìí fi kọ ìdí sí títì."

Àṣìṣe tí Bàbá Àgbà ṣe nìyẹn. Ẹni tó ti ń to àga ìgboro láti ìgbà èwe rẹ̀ kò ṣàìmọ̀ pé àga kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń to pákó lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà kó gbé símẹ́ńtì dábùú ọmọ rẹ̀. Ó tẹ̀ lé òkú, kò tẹ̀ lé títì. Ó dúró báyìí níwájú àwọn méjèèjì, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀ abẹ́ àga, mo sì rí i nígbà tó yé Ọ̀gá Alákoto. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó dá oníkóòtù lóhùn ní Faransé, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sí Bàbá Àgbà létí, ṣùgbọ́n mo gbọ́: "Ẹ yí i fúnra yín, Bàbá. Kó tó di ọ̀la. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá yí i, wọ́n á gbẹ́lẹ̀."

Wọ́n pe àwọn géńdé àdúgbò. Wọ́n rò pé a ti gbé òkú lọ, pé àga lásán ni àwọn ń yí, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀kan ní àga yìí wúwo ju ìyàwó òun lọ. Bàbá Àgbà fi ọwọ́ lásán wa ihò fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ṣọ́bìrì sún mọ́ ibẹ̀. Wọ́n gbé e, wọ́n yí i, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó bá títì lọ gbọọrọ bí àwọn yòókù. Nígbà tí àwọn géńdé ti lọ, Bàbá Àgbà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Àyà ọmọ wa ló wà lábẹ́ rẹ̀," ó ní. "Ó bò ó láyà."

"Orí ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Orí ti bọ́ síta. Ó wà níwájú àga, ní ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá máa ń gbà, nínú iyanrìn tí kò ní àmì kankan.

"Mo ní orí ọmọ mi ńkọ́? Ìwọ ọkùnrin yìí, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀!" Mi ò gbọ́ kí ó pè é ní ìwọ rí láyé mi. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọkùnrin kan fi kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ó kí wa, a sì jẹ́ ẹ.

Ìyá Àgbà wọlé. Nígbà tó jáde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó gbé àwo èpà tó yẹ kó fi se ọbẹ̀ wa lọ́wọ́ kejì. Ó gbé àpótí náà síbi tí orí wà, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà tẹ ibẹ̀ mọ́, ó jókòó, ó gbé èpà sí iwájú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún jáde. Bí obìnrin tí kò tajà rí ṣe di ọlọ́jà nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ń kí i kú orí ire, wọ́n ní Ìyá ti di ìyálọ́jà. Ẹni bá fẹ́ rà, á bù fún un bó bá ṣe wù ú, kò ná, kò wo ohun tí wọ́n jù sílẹ̀. Oòrùn pa á, òjò pa á. Inú Bàbá Àgbà kò gbà á láti máa rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé jáde, inú ẹrẹ̀, pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Kò da símẹ́ńtì mọ́. Ìyá Àgbà la àwọn pákó àga rẹ̀, ó ń fi wọ́n dáná yan èpà, Bàbá Àgbà dúró tì í, ó ń wò ó. Ilé wa tó kún fún ariwo asẹ́ àti òkúta dákẹ́ lọ láàárín oṣù díẹ̀. Ohùn èpà tó ń ta nínú ìkòkò iyanrìn ló kù.

Wọ́n ń lé e. Títà lẹ́bàá títì ti di èèwọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á dé, wọ́n á da èpà rẹ̀ nù, àwa ọmọdé á máa ṣà á nínú iyanrìn. Ìyá Àgbà kò ní bá wọn jiyàn, kò sì ní dìde. Nígbà tí Ọ̀gá Alákoto wà níbẹ̀, ó máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi arúgbó sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Lọ́jọ́ kan ẹ̀ṣọ́ kan ta àpótí náà nípàá mọ́ ọn nídìí, ó ṣubú, apá rẹ̀ ṣẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ nígbà tí eegun náà ṣẹ́. Ó dùn mí débi pé mo bu ẹ̀ṣọ́ náà jẹ lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà so apá mọ́ ọrùn, ó fi èyí tó kù gbé àpótí jáde. Kí ọdún náà tó yí po, Bàbá Àgbà náà lọ. Ó ti sọ fún Tọ́ńtọ́ Lásísì ibi tí wọ́n máa gbé òun lọ: ibojì ìlú, sínú omi tó sá fún. Ó ní òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìyá Àgbà kò sunkún lójú wa. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì títí èpà fi tutù, ó ń fi ọwọ́ tí kò ṣẹ́ ra iyanrìn.

Ó pẹ́ kí òun náà tó kú. Ìyàwó Tọ́ńtọ́ Lásísì ló jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Báyìí, èmi ni. Wọ́n ti tún ìlú ṣe, ìgbà mélòó kan. Wọ́n ti kó gbogbo àga Bàbá Àgbà dànù, àfi ọ̀kan yẹn. Wọ́n ní iṣẹ́ ayé àtijọ́ ni, ó dára. Wọ́n ṣe ọgbà kékeré yí i ká, wọ́n kùn ún, àwọn àlejò ń jókòó lórí rẹ̀ ya fọ́tò. Ẹ má wá a o. Mi ò dárúkọ àdúgbò náà, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tó wà nígbà yẹn ló ṣì wà: bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á hú u. Àwọn ọmọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n wá bá àwọn gbé lókè òkun. Wọ́n ní kí ni mò ń fi ara gbígbó ṣe nìkan ní Kútọnu. Mo ní Kútọnu dára, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́? A kì í tajà nínú ọgbà náà mọ́, nítorí náà mo máa ń mú ẹní kékeré kan lọ, mo máa ń tẹ́ ẹ síbi tí orí wà, mo máa ń jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa gbá ọgbà náà wá bá mi. Ó tó ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn mi. "Ìyá, ẹ dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ tutù, kò dáa fún yín."

"Ilẹ̀ wù mí, ọmọ mi."

"Rárá o. Bí ọ̀gá mi bá rí yín nílẹ̀, ọkàn mi ò ní balẹ̀. Àga rèé, ti gbogbo wa ni." Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ mí lábíyá. Mo fẹ́ wí nǹkan, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Ó gbé mi dìde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni gbé ìyá tó bí i, ó gbé mi sórí àga náà, ó tún ìró mi ṣe. Oòrùn ti mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Láyé mi, mi ò jókòó síbẹ̀ rí.

"Ṣé ó ti dáa báyìí, Ìyá?"

Mo jókòó lé ìyá mi láyà. Mo ní, "Ó ti dáa, ọmọ mi. O ṣé."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ká ẹní mi, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó tẹ orí ìyá mi, ó sì kọjá lọ.